Bí ẹ ó ṣe gba ọ̀sà lọ tí ẹ ó sì padà wálé

Ará Ìkìrun ni mí. Odò tí mo mọ̀ lọ́mọdé kò ju èyí tí a máa ń ká ṣòkòtò sókè là kọjá lọ sóko. Ọdún 2008 ni iṣẹ́ olùkọ́ gbé mi wá sí Ìgbógbo lẹ́bàá Ìkòròdú, ilé ìwé tí mo sì ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò wà lápá Ajah, lódìkejì ọ̀sà. Ẹni tó bá mọ Èkó ti mọ ìyókù. Bí mo bá gba orí títì, wákàtí mẹ́ta ni, nígbà mìíràn mẹ́rin. Bí mo bá wọ ọkọ̀ ojú omi ní èbúté Báyékù, kí n tó máàkì ìwé ọmọ mẹ́wàá, mo ti gúnlẹ̀ sí Lángbàsá lápá Ajah.

Mi ò lè ka iye ìgbà tí mo ti lọ tí mo sì ti bọ̀ mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ọkọ̀ dojú dé mọ́ wa. Díẹ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ kọ síbí ti ọjọ́ yẹn wá. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ẹnu bàbá apẹja kan ní Báyékù wá, ẹni tó máa ń pè mí ní Tíṣà, tó sì gbà pé wèrè ni gbogbo ará òkè tó bá dé etí omi. Ìyókù wá láti ara ìṣẹ̀lẹ̀ tí gbogbo wa gbọ́ nínú ìròyìn. Bí mo ṣe ń ka ìwé ìdánwò àwọn ọmọ ni mo ṣe máa ń ka irú ìròyìn bẹ́ẹ̀: mo máa ń wá ìlà tí àṣìṣe ti wọlé. Ìlà yẹn sáábà máa ń wà lórí ilẹ̀, kí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni tó kan ọkọ̀.

Ní èbúté

Ẹ má wo ọ̀dà ara ọkọ̀, ẹ má sì wo ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Ọkọ̀ tí wọ́n kọ "Ọlọ́run ń ṣọ́ wa" sí náà ń gba omi sínú. Etí ọkọ̀ ni kí ẹ wò, kí ẹ wò bó ṣe ga tó sí omi. Ẹ jẹ́ kí èrò jókòó tán ná. Kí ẹ wá gbé ìgúnpá lé etí ọkọ̀, kí ẹ na ọwọ́ sísàlẹ̀. Bí ìka yín bá kan omi, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Bàbá ló kọ́ mi, òun kò sì fi rúlà wọn nǹkan rí láyé rẹ̀. Ọdún kan wà tí mo sọ̀ kalẹ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀mejì nínú rẹ̀ ni wọn ò dá owó mi padà. Wọ́n pè mí ní ojo lójú àwọn ọmọ tí mò ń kọ́. Mo gbà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo ìsàlẹ̀ inú ọkọ̀. Omi díẹ̀ kò burú, kò sí ọkọ̀ pákó tí kì í sun omi. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí ọmọkùnrin kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa fi abọ́ gbọ́n omi dànù nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà ní ìdúró, kí ni yóò ṣe nígbà tí ìgbì bá dé? Ẹ kí atukọ̀ pẹ̀lú, kí ẹ sì súnmọ́ ọn dáadáa bí ẹ ṣe ń kí i. Paraga àárọ̀ kì í fara pamọ́.

Bí ọkọ̀ náà bá ní òrùlé tapólì, ẹ má ṣe jókòó sáàárín. Àárín dùn nígbà òjò, aṣọ kì í tutù níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn tó wọṣọ ìnáwó fi máa ń du ibẹ̀. Ọjọ́ tí ọkọ̀ bá dojú dé, òrùlé yẹn á di àpò. Ẹ jókòó sẹ́bàá etí, kí omi ta sí yín lára.

Jákẹ́ẹ̀tì

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ fi ara balẹ̀ sọ, nítorí àwọn èèyàn rò pé àwọn mọ̀ ọ́n.

Jákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n bá gbé fún yín ní èbúté, èyí tó ń mú èèyàn léfòó nínú omi, ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ tẹ fóòmù inú rẹ̀. Bó bá ti rún bí búrẹ́dì tí èèyàn jókòó lé, ẹ dá a padà. Ẹ ki àwọn ìdè rẹ̀ bọnú ara wọn, ẹ fà wọ́n: èyí tí kò bá dún "kàkà" tó sì já kúrò, kò ní dì yín mú nínú omi. Ẹ wọ̀ ọ́, ẹ dè é tán, kí ẹ wá ní kí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín mú èjìká rẹ̀ méjèèjì kó fà á sókè. Bó bá gòkè bo ẹnu yín, ó tóbi jù, yóò bọ́ lọ sókè lọ́jọ́ tí ẹ bá nílò rẹ̀. Ó ń rùn, mo mọ̀. Òógùn ẹgbẹ̀rún èèyàn ló wà lára rẹ̀. Èmi ra tèmi lẹ́yìn ọjọ́ tí mò ń bọ̀ wá sọ yẹn, owó tí mo fi rà á kò tó owó bàtà tí mo fi lọ ṣègbéyàwó àbúrò mi.

Orí aṣọ gbogbo ni ibi rẹ̀. Bí ẹ bá wọ agbádá, ẹ bọ́ agbádá, ẹ ká a sínú lílọ́ọ̀nù, kí ẹ tó wọ jákẹ́ẹ̀tì. Ẹ má gbé báàgì kọ́ ọrùn. Ẹ má jókòó lé jákẹ́ẹ̀tì bí tìmùtìmù, nítorí pé kò sẹ́ni tó ń rí àyè wọ̀ ọ́ nígbà tí ọkọ̀ bá ti ń dà.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pọn ọmọ nínú ọkọ̀. Mo mọ̀ pé ó ṣòro, ẹ̀yìn ìyá ni ilé ọmọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ jákẹ́ẹ̀tì ni kó yí ẹni tó wọ̀ ọ́ padà kí ojú rẹ̀ máa wo òkè. Bí ìyá bá dojú kọ òkè, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ wà nísàlẹ̀ omi. Ẹ gbé ọmọ síwájú, kí ọmọ náà ní jákẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, tó mọ níwọ̀n rẹ̀. Bí wọn ò bá ní ti ọmọdé, ẹ dúró de ọkọ̀ mìíràn.

Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹrin ọdún 2024, ọkọ̀ tó gbé àwọn òṣèré Nollywood kan nídìí iṣẹ́ fíìmù ní ìjàǹbá lápá Asaba. Junior Pope wà lára àwọn tó kú. Kò wọ jákẹ́ẹ̀tì. Fídíò kan tí òun fúnra rẹ̀ ti ṣe ṣáájú tàn káàkiri lẹ́yìn náà, níbi tó ti wà lórí omi tó ń sọ̀rọ̀ nípa ewu rẹ̀, tó sì ń dárúkọ àwọn ọmọ tí òun ń tọ́. Kì í ṣe pé kò mọ̀. Ta ni nínú wa tí kò tíì sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, tó tún wọ ọkọ̀?

Ìgbà tí kò yẹ ká lọ

Òru. Ìjọba ti ní kí wọ́n má rìn lóru lórí omi, ṣùgbọ́n ká fi ti òfin sílẹ̀. Lóru, atukọ̀ kò rí ìtì igi, kò rí òpó àwọ̀n, kò sì sí apẹja lágbègbè tó lè gbọ́ igbe.

Ẹ rántí àwọn tó lọ ìgbéyàwó ní Ẹ̀gbọ́tì ní ìpínlẹ̀ Niger, ní oṣù kẹfà ọdún 2023. Ará agbègbè Pàtégi ní Kwara ni púpọ̀ nínú wọn. Ọ̀kadà ni ọ̀pọ̀ wọn gùn lọ. Òjò rọ̀, àgbàrá bo ọ̀nà, ni wọ́n bá kó sínú ọkọ̀ ojú omi kan láti padà sílé, nígbà tí ilẹ̀ kò tíì mọ́. Ọkọ̀ náà kọlu ìtì igi nínú odò Ọya, ó sì fọ́. Àwọn tó kú lé ní 100. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe àlejò omi bíi tèmi, etí odò ni wọ́n bí ọ̀pọ̀ wọn sí. Mo ti ronú sí i títí, ibi kan ṣoṣo tí mo rí pé ọ̀rọ̀ náà ti lè yí padà ni àgbàlá ìyàwó: kí wọ́n tẹ́ ẹní, kí wọ́n sùn dọ̀la. Èyí ni mo fi ń sọ fún àwọn ènìyàn mi pé bí a bá ń lọ ìnáwó lódìkejì omi, ká mú aṣọ ìbora dání, kó má di pé ojú ń ti wá láti sùn nílé onílé.

Nígbà ọyẹ́, kùrukùru àárọ̀ máa ń bo ọ̀sà wa débi pé mi ò rí imú ọkọ̀. Ẹ dúró kí oòrùn jẹ ẹ́ tán. Oṣù keje àti ìkẹjọ, afẹ́fẹ́ ọ̀sán le ju ti àárọ̀ lọ, nítorí náà ẹ ṣe ìrìn yín ní kùtùkùtù. Àsìkò òjò náà ni koríko orí omi máa ń wọ́ wá sínú ọ̀sà, tó dà bíi pápá tí èèyàn lè rìn lórí rẹ̀. Ó ń há mọ́ abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì, igi sì máa ń fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Atukọ̀ tó bá ń sáré gba àárín rẹ̀ kọjá, ẹ bá a wí. Kó bínú.

Bó bá dojú dé

Ọjọ́ Ẹtì kan nínú ọdún 2014 ni, a ti jáde níléèwé ní nǹkan bí aago mẹ́rin. Èèyàn 22 ló wà nínú ọkọ̀, mo kà wọ́n, àṣà iṣẹ́ ni. Jákẹ́ẹ̀tì 15. Ìgúnpá mi wà lórí etí ọkọ̀, ìka mi kan omi. Mo mọ̀, mo sì jókòó, nítorí pé ọjọ́ Ẹtì ni, mo sì fẹ́ délé.

A fẹ́rẹ̀ẹ́ dé àárín nígbà tí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ gbá igi kan tí àwọn apẹja gún mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ kò fọ́. Ó kàn mì, omi sì ta wọlé láti apá ọ̀tún. Gbogbo wa ké, gbogbo wa dìde, gbogbo wa sá sí apá òsì. Igi yẹn kọ́ ló dà wá, àwa la da ara wa. Ìdí nìyẹn tí ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń sọ fún èrò tó bá bá mi wọ ọkọ̀ fi jẹ́ pé: bí omi bá ta sí yín, ẹ jókòó, ẹ di bẹ́ǹṣì mú, ẹ jẹ́ kí aṣọ tutù.

Mo wọ omi, awò ojú mi lọ, bàtà kan lọ. Jákẹ́ẹ̀tì gbé mi jáde, ọwọ́ mi sì bá ẹ̀yìn ọkọ̀. Ẹ mọ èyí dájú: ọkọ̀ pákó tàbí fàíbà tó dojú dé kì í sábà rì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó máa ń léfòó bí ìgbá tí wọ́n dé. Òun ni kí ẹ dì mú. Ẹ má gùn ún lẹ́ẹ̀kan náà, yóò yí. Ẹ pín ara yín sí ọ̀tún àti òsì, ẹ na ọwọ́ kọjá lórí rẹ̀, kí ẹ di ọwọ́ ara yín mú. Ìyá ẹlẹ́ja kan tó ti jókòó lé jákẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ kò ní nǹkan kan mọ́, àfi abọ́ ike ńlá tó fi ń ru ẹja. Ó dojú abọ́ náà dé omi, afẹ́fẹ́ há sábẹ́ rẹ̀, ó sì gbàyà lé e títí a fi na ẹsẹ̀ sí i tó dì mú. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Kẹ́ẹ̀gì tó bá ní ìdérí náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó mọ̀wẹ̀ dáadáa. Ó ní òun rí Lángbàsá, òun fẹ́ lọ pe èèyàn wá. Lóòótọ́, èmi náà rí i, ó dà bíi pé kò ju pápá bọ́ọ̀lù mẹ́ta lọ. Ojú tó wà ní ìpele omi kì í mọ ìwọ̀n ọ̀nà. Mo sọ fún un pé kó dúró, ṣùgbọ́n mi ò sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ọjọ́ kejì ni àwọn apẹja gbé e wá sí èbúté. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ pé òmùwẹ̀ ní í bómi lọ, mo sì rò pé agbéraga ni wọ́n ń fi bá wí. Ọmọ yẹn kò gbéraga. Ó fẹ́ ràn wá lọ́wọ́ ni.

Nítorí náà, ohun tó bá léfòó tí ọwọ́ yín bá bà, ẹ má kúrò lára rẹ̀. Bí ẹ bá jìnnà sí ọkọ̀, tí ẹ kò sì ní jákẹ́ẹ̀tì, ẹ bọ́ bàtà, ẹ jẹ́ kí báàgì máa lọ, ẹ fi ẹ̀yìn lélẹ̀ lórí omi. Kí etí yín wọ inú omi, kí àgbọ̀n yín wo òkè, kí apá yín ṣí. Ẹ fa èémí kún àyà, kí ẹ dì í díẹ̀ kí ẹ tó tú u. Àyà tó kún fún afẹ́fẹ́ ló ń gbé èèyàn.

Igbe kíké pẹ̀lú ní ètò. Bí olúkúlùkù bá ń ké tirẹ̀, ariwo ìgbì á bò ó, agbára á sì tán. Mo ka "ení, èjì, ẹ̀ta", gbogbo wa á wá ké "Ẹ gbà wá o!" lẹ́ẹ̀kan náà, a ó sinmi, a ó tún kà. Iṣẹ́ olùkọ́ tí mo ṣe lọ́jọ́ náà nìyẹn. Àwọn tó ń wa yanrìn ló gbọ́ wa. Mo ti fojú burúkú wo ọkọ̀ wọn fún ọdún mẹ́fà nítorí bí wọ́n ṣe ń dí ọ̀nà.

Bí ọkọ̀ bá dé mọ́ yín lórí

Ní ọjọ́ 26 oṣù karùn-ún ọdún 2013, ọkọ̀ ńlá kan tó ń jẹ́ Jascon-4 dojú dé lójú òkun lápá Escravos ní ìpínlẹ̀ Delta. Èèyàn 12 ló wà nínú rẹ̀. Ẹyọ kan ló yè, Harrison Okene, alásè ọkọ̀ náà. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló wà ní ìdájí yẹn, ohun tó sì gbà á nìyẹn, nítorí pé àwọn yòókù ti ti ilẹ̀kùn yàrá wọn mọ́rí nítorí àwọn ajínigbé orí omi. Ọkọ̀ náà rì dé ìsàlẹ̀, nǹkan bí mítà 30. Okene wà nínú rẹ̀ fún bí wákàtí 60, pẹ̀lú ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ tó há sí igun yàrá kan àti ìgò Coke kan.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ wò nínú ìtàn yìí ni ohun tó fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Ó tú pákó ara ògiri, ó wá fóòmù ibùsùn, ó fi wọ́n ṣe ibi ìjókòó tí ara rẹ̀ fi kúrò nínú omi. Omi tútù máa ń fa ooru ara èèyàn kíákíá ju afẹ́fẹ́ lọ, ẹni tó bá sì ti ń gbọ̀n gan-an kì í lè ronú dáadáa mọ́. Òkú ni àwọn òmùwẹ̀ tó wá láti South Africa rò pé àwọn ń wá. Ọ̀kan nínú wọn rí ọwọ́ kan nínú omi, ó mú un, ọwọ́ náà sì dì í mú padà. Wọn kò gbé e sókè lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ òkun ti fún mọ́ ara wọn, tí èèyàn bá kàn yọ sókè lójijì, ó lè pa á. Inú yàrá kan tí wọ́n ṣe fún irú rẹ̀ ni wọ́n fi í sí, kí ara rẹ̀ fi padà díẹ̀díẹ̀. Okene yìí kan náà padà lọ kọ́ṣẹ́ òmùwẹ̀ abẹ́ omi. Èmi ò ní lè ṣe é láé.

Ọkọ̀ tiwa kéré sí ìyẹn, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ máa ń há sábẹ́ rẹ̀ bákan náà. Bó bá dé mọ́ yín lórí, ẹ gbé imú sókè kan ìsàlẹ̀ ọkọ̀, ẹ mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta láìkánjú. Ẹ fi ọwọ́ wá bẹ́ǹṣì, ẹ tẹ̀lé e dé etí ọkọ̀, ẹ di etí náà mú, kí ẹ ti ara yín gba abẹ́ rẹ̀ jáde. Jákẹ́ẹ̀tì yóò máa fà yín sókè, ó lè le. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ dúró nínú afẹ́fẹ́ yẹn, kí ẹ máa gbá ara ọkọ̀. Àwọn tó dì í mú lókè á gbọ́.

Bí ẹ bá wà lórí ilẹ̀ tí ẹlòmíràn wà nínú omi

Ẹ má bẹ́ sí i. Ẹni tó ń rì á gun yín bí àkàbà. Ẹ ju okùn sí i, ẹ na ọ̀pá tàbí àjẹ̀ sí i, ẹ ju kẹ́ẹ̀gì òfìfo tí ẹ ti dé. Àwọn oníyanrìn kò wọ omi lọ́jọ́ wa, kẹ́ẹ̀gì àti okùn ni wọ́n fi kó wa. Ní ìpínlẹ̀ Èkó, 112 tàbí 767 ni kí ẹ pè, ẹ dárúkọ èbúté tó súnmọ́ yín jù.

Bí ẹ bá gbé e jáde tí kò mí, ẹ má dojú rẹ̀ kodò, ẹ má tẹ ikùn rẹ̀ kí omi lè jáde. Mo rí i tí wọ́n ṣe é fún ọmọ kan lọ́jọ́ náà, àkókò iyebíye ló bá a lọ. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja, ẹ gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, ẹ dí imú rẹ̀, ẹ fẹ́ èémí sí i lẹ́nu lẹ́ẹ̀márùn-ún. Kí ẹ wá kó ọwọ́ méjèèjì lé àárín àyà rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kíkan kíkan, ní kánmọ́kánmọ́, lẹ́ẹ̀ 30, ẹ tún fẹ́ èémí lẹ́ẹ̀mejì, ẹ máa bá a lọ báyìí títí àwọn oníṣègùn á fi dé. Bí ó bá ń mí, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ kí èébì má há a lọ́fun. Kó dé ilé ìwòsàn bó bá tiẹ̀ ní òun ti le, nítorí pé omi tó wọ ẹ̀dọ̀fóró lè dá wàhálà sílẹ̀ lẹ́yìn wákàtí mélòó kan. Ọmọ tí mò ń wí yẹn yè. Nọ́ọ̀sì kan tó wà lára èrò ló ti àwọn tó ń mì í tìtì kúrò lọ́nà.

Nípa jákẹ́ẹ̀tì tí ẹ bá rà: ẹ fi omi ẹ̀rọ fọ̀ ọ́, nítorí iyọ̀ ọ̀sà máa ń jẹ ìdè rẹ̀, kí ẹ sì fi í kọ́ sábẹ́ òjìji, oòrùn máa ń gbó aṣọ rẹ̀. Tèmi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá. Ìyàwó mi ní ó ń rùn bí ẹja, pé kí n gbé e lọ sí gáréèjì. Mo sọ fún un pé mi ò ní mọ́tò, gáréèjì wo?